Ìdè Ọwọ́ Ọmọ Wa



Lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ mi sunkún ti ilé ìwé dé sí Bọ́lọ́rundúró níbí. Wọ́n ní kó bọ́ ìdè Ifá ọwọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé ohun ìtìjú ni?”

Mo sọ̀rọ̀ àwọn alákàrà Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, fún un. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà níbẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ jókòó ti àkàrà ní ìgboro. Wọ́n á wé gèlè, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà sọ́rùn. Wọ́n tún ń fi aṣọ kan lé èjìká tí wọ́n ń pè ní pano da costa, ìyẹn aṣọ tó ti etíkun Áfíríkà wá. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun máa ń kó aṣọ òkè láti Èkó lọ bá wọn.

Ẹrú ni wọ́n kó àwọn ìyá ńlá wọn lọ. Ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà wọn nígbà kan. Síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó parun. Lọ́dún 2005, ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ alákàrà wọ̀nyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Èmi náà ti fa apá agbádá bo ìdè mi rí ní báńkì kan l'Ákùúrẹ́. Bí àgbà bá ń fi pamọ́, kí lọmọ fẹ́ ṣe? Mo ti lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìdè mi wà lọ́wọ́ mi níta gbangba lọ́jọ́ náà.