Ìrìn Ooru Nínú Abala Tí Ó Fẹ́lẹ́ Jù Lọ: Ìbéèrè Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Kan ní Iléṣà

1. Ìfáárà

Mo mọ̀ pé ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ físíìsì ni mo fẹ́ fi èdè Yorùbá sọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ Yorùbá ni ìbéèrè tí ó mú mi wá síwájú yín lónìí ti wá. Ó yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ lè padà síbẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi ni bí ooru ṣe ń rìn nínú ohun tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìnípọn rẹ̀ kò ju átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ohun tí a ń pè ní graphene ń gbé ooru ju bàbà lọ ní ìlọ́po méjìlá. N ó kọ 5,000 sí ojú pátákó, n ó sì kọjá sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Iléṣà na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, orí kí ni nǹkan náà wà nígbà tí wọ́n ń wọn ooru inú rẹ̀?"

N kò lè dá a lóhùn. Ọmọ náà wá ṣàlàyé pé ní àgbẹ̀dẹ bàbá òun, bí irin pẹlẹbẹ bá pọ́n nínú iná, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tutù bí ẹ̀mú bá gbé e sókè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e lé orí irin ńlá tí wọ́n ń lu irin lé, kíákíá ni ó ń dúdú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó rán mi padà sídìí ìwé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

2. Ooru nínú bàbà àti wúrà

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Òṣogbo, Aṣírù Ọlátúndé, tí a bí ní 1918 tí ó sì kú ní 1993, jẹ́ alágbẹ̀dẹ kí ó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà tí ń fi òòlù lu àwòrán sára abala bàbà àti alumíníọ̀mù. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà wà nínú ilẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà ní ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, tí kò jìnnà sí Iléṣà. Bàbà, alumíníọ̀mù àti wúrà wà lára àwọn ohun tí ń gbé ooru dáadáa.

Báwo ni a ṣe mọ̀? A óò mú kí orí ohun náà kan gbóná, a óò ṣírò ooru tí ń kọjá nínú rẹ̀, a óò sì wọn bí ìgbóná ṣe yàtọ̀ láti orí kìíní dé orí kejì. Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó to òfin yìí sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1822. Bí ooru púpọ̀ bá ń kọjá, tí ìyàtọ̀ ìgbóná sì kéré, a jẹ́ pé ohun náà ń gbé ooru dáadáa. Lórí òṣùwọ̀n tí àwa onífísíìsì ń lò, igi kò tó 1. Irin jẹ́ nǹkan bíi 80, alumíníọ̀mù 237, wúrà 318, bàbà 400. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fi igi ṣe èèkù ọ̀bẹ.

3. Kí ni graphene?

Dúdú inú pẹ́ńsùlù kì í ṣe òjé gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Kábọ́ọ̀nù ni, a sì tò ó ní ìpele ìpele bí ojú ewé ìwé. Ìpele kan ṣoṣo nínú wọn ni graphene. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta irú ìpele bẹ́ẹ̀ ni a óò tò léra kí ó tó nípọn tó mìlímítà kan. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Yunifásítì Manchester, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ròyìn bí wọ́n ṣe fi téèpù tí a fi ń lẹ bébà bó ìpele yìí kúrò lára àwọn yòókù. Ní 2010 ni àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel.

Nínú bàbà àti wúrà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń gbé iná mànàmáná ni wọ́n tún ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru. Nínú graphene, mímì àwọn átọ́ọ̀mù ni ó ń gbé e ní pàtàkì. Ẹ ro aláró méjì ní Òṣogbo tí wọ́n di àdìrẹ mú ní etí méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbọ̀n ọ́n, ìgbì yóò sáré dé ọwọ́ èkejì. Kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ìsopọ̀ àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ sì le, nítorí náà ìgbì inú rẹ̀ ń yára, ó sì ń rìn jìnnà kí ohunkóhun tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí àwọn aláró náà bá tẹ́ àdìrẹ kan náà sórí koríko, tí ọ̀kan gbọn etí rẹ̀, ìgbì náà kò ní rìn jìnnà.

4. Wíwọn ooru láìfọwọ́kàn

Kò sí bí a ṣe lè ti ohun ìwọ̀n ìgbóná lásán bọ ara graphene, nítorí pé ohun ìwọ̀n náà yóò tóbi jù ú lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, yóò sì gba gbogbo ooru rẹ̀. Ní 2008, Alexander Balandin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Riverside gbé abala graphene dábùú kòtò tín-ń-tín, bí ìgbà tí a gbé afárá sórí odò, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí àárín rẹ̀. C. V. Raman, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ti fi hàn ní 1928 pé àwọ̀ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kan ohun kan máa ń yí padà. Bí graphene bá ń gbóná sí i, ìyípadà àwọ̀ yìí náà ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó wá di iná tí ń mú un gbóná àti ohun tí a fi ń ka ìgbóná rẹ̀. Ibẹ̀ ni 5,000 tí mo ń kọ sí pátákó ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Kí a tó lè ṣírò, a gbọ́dọ̀ mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ó dúró sínú abala náà, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù ni ó ń là á kọjá. Ní 2008 kan náà ni àwọn ará Manchester fi hàn pé nǹkan bíi 2.3 nínú 100 péré ni ìpele kan ń gbà. Bí a bá rò pé ìlọ́po méjì ohun tí ó gbà ni ó gbà, ìlọ́po méjì òtítọ́ ni ìdáhùn wa yóò jẹ́. Ní 2010, Rodney Ruoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin wọn ìmọ́lẹ̀ náà fúnra wọn. Nǹkan bíi 2,500 ni wọ́n rí fún abala tí ó dábùú ihò, wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé ó lè fi nǹkan bíi 1,000 lọ sókè tàbí sódò.

Wọ́n tún wọn apá tí ó sùn lórí wúrà. Nǹkan bíi 370 ni wọ́n rí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè àṣìṣe rẹ̀ gbòòrò. Ní ọdún kan náà àti ní yunifásítì kan náà, Li Shi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé graphene lé orí ohun tí ó jọ gíláàsì, wọ́n sì rí nǹkan bíi 600. Ẹ má ṣe rò pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ jí ooru lọ nìkan, bí ti irin inú àgbẹ̀dẹ. Àwọn olùwádìí ti ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. Ìgbì gan-an ni ìfarakanra náà dá lẹ́kun, bí koríko ti dá ìgbì inú àdìrẹ lẹ́kun.

5. Kí ni èyí já mọ́ fún wa?

Gbogbo wa ni a mọ bí fóònù ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ẹni ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ń wá ohun tí yóò kó ooru kúrò nínú wọn. Nínú fóònù, ìpele gbogbo ni ó ń sùn lé nǹkan mìíràn. Nítorí náà 600 súnmọ́ ohun tí ẹ̀rọ yóò rí ju 5,000 lọ. Ó ṣì ju ti bàbà lọ, ṣùgbọ́n ìpele kan fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àpapọ̀ ooru tí ó lè kó kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìpele ni a óò tò léra.

Ọmọ Yorùbá wà nínú irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dèjì Akínwándé, tí ó dàgbà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Yunifásítì Texas tí mo dárúkọ. Ní 2015, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ítálì ṣe transistor àkọ́kọ́ tí a fi silicene ṣe, èyíinì ni silikọ́ọ̀nù tí ó nípọn tó átọ́ọ̀mù kan. Afẹ́fẹ́ lásán ń ba silicene jẹ́, nítorí náà wọ́n ní láti dáàbò bò ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí ó yí abala náà ká ni ó pinnu ohun tí abala náà lè jẹ́.

6. Ìkádìí

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi ni àgbà tí ó ń kọ iye kan sójú pátákó láìbéèrè bí a ṣe rí i. Lónìí, 2,500, 600 àti 370 ni mo ń kọ, mo sì ń kọ orí ohun tí graphene wà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sì ń sọ fún wọn pé 5,000 ni ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n rí, àti ìdí tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò fi rí iye kan náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, a kò ì tíì ní gbogbo ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́, n kò sì ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó tú àṣìṣe mi fó kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹni tí ó ti dúró ti ẹwìrì rí ni ó bi í. Ẹ máa bi wá bẹ́ẹ̀.