Abẹ́rẹ́ tí Oòfà Kì í Fà
Titanium, sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn

Ẹ wo àwọn ìlà wínníwínní ara rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà kan ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Àwọn ìlà náà ni dókítà fi ń mọ ibi tí ẹnu abẹ́rẹ́ dé nínú ara. Ojú ihò bíńtín ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbà wọlé lọ bu ẹran díẹ̀ lára kókó inú ọmú tàbí ti prostate, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni.

Ẹ̀rọ MRI, tó ń fi oòfà ya àwòrán inú ara, ló ń fọ̀nà hàn án. Oòfà MRI tó jẹ́ tẹ́sílà 1.5 lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 ti ilẹ̀ ayé. Irin lásán á fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn, á sì ba àwòrán jẹ́. Ti titanium kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìlà dúdú kan ló máa ń hàn nínú àwòrán. (Ọdẹ tí ọta ìbọn há sí lára, ẹ tètè sọ o, kí wọ́n tó tì yín wọlé!)

Ní 1994, ilé ìwòsàn Brigham and Women's ní Boston, níbi tí Ferenc Jolesz ti ṣiwájú iṣẹ́ abẹ tí MRI ń darí, ní MRI tó là láàárín tí oníṣẹ́ abẹ lè dúró sí.

Ní Nàìjíríà, ultrasound ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń darí abẹ́rẹ́, torí kò wọ́n tó MRI. Ó sì tó fún ọ̀pọ̀ kókó. Èyí tí ultrasound kò bá rí ni MRI wúlò fún jù.