Àdìrẹ Ìtòkú: A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Bí ẹ bá wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí, tí ẹ sì béèrè àdìrẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n na oríṣi aṣọ méjì sí yín lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ti inú ìkòkò aró jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọwọ́ dì í tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí i lára. Èkejì ti abẹ́ ẹ̀rọ jáde ní òkè òkun, pàápàá jù lọ ní Ṣáínà. Àwòrán àdìrẹ ni wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Owó èkejì kéré sí ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹni tí ó ń wá aṣọ ẹbí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn kì í sì í pẹ́ mọ èyí tí yóò mú.

Ìjọba ti gbọ́ igbe àwọn aláró, ó sì ti ń dá sí i. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò ni pé, ǹjẹ́ ìrànlọ́wọ́ náà ń dé ìdí ìkòkò aró bí? Ìtàn Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ wa lórí èyí.

Orúkọ iṣẹ́ náà ti sọ bí a ṣe ń ṣe é: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Ìko ni a fi ń di àdìrẹ oníko, irú èyí tí ó ń bí Oṣù Bàm̀bà, òbìrìkìtì ńlá tí ó dà bí òṣùpá àrànmọ́jú. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni a fi ń rán alábẹ́rẹ́. Ní ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni a ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ, kí aró má baà mú ibẹ̀. Inú ẹlẹ́kọ ni Ìbàdàn Dùn wà, tí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó fara hàn lára rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi kan. Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ni wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ ìkòkò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa jẹ. Àdìrẹ tí ó sọ Abẹ́òkúta di olókìkí kò fi ìgbà kan jẹ́ ti ilé pátápátá. Aṣọ funfun tí àwọn aláró ń pa láró, láti ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń wá. Ojú irin tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì mú kí aṣọ náà pọ̀ lọ́jà. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá rà á, wọ́n fi ọwọ́ àti ọpọlọ wọn kún un, wọ́n sì tà á ní èrè. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà wà lára àwọn tí ó ń wá kó o. Nítorí náà, ọwọ́ aláró ni ìdí tí àdìrẹ fi jẹ́ tiwa. Ohun tí aṣọ ẹ̀rọ òde òní gbà lọ gan-an nìyẹn: ó mú àwòrán wa, ó fi ọwọ́ wa sílẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1930, owó gbẹ lágbàáyé, ọjà àdìrẹ sì dẹnu kọlẹ̀. Àwọn kan ní kọ́síìkì sódà àti aró òyìnbó tí àwọn obìnrin fi ń mú iṣẹ́ yá ni ó ń ba aṣọ jẹ́, tí ó sì ń lé oníbàárà lọ. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de àwọn èròjà wọ̀nyí. Ó dà bí ẹni pé òfin náà yóò gba iṣẹ́ là. Ṣùgbọ́n àwọn aláró mọ iye tí ewé èlú àti eérú yóò ná wọn, wọ́n mọ iye ọjọ́ tí yóò gbà, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba amúnisìn gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde ní 1936. Títí di òní, kọ́síìkì sódà kò kúrò ní ìdí aró. Ẹni tí ó ṣòfin náà fẹ́ dáàbò bo iṣẹ́, àmọ́ ó gbàgbé oníṣẹ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú yẹn wo àkókò tiwa. Ní 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ọjà àdìrẹ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ àdìrẹ láàárín ọ̀sẹ̀, àti ìjọba àti ààfin Aláké sì ti kéde pé àwọn kò fẹ́ ayédèrú rẹ̀ ní Ìtòkú mọ́. Ìjọba àpapọ̀ náà kò dákẹ́: ní 2019, ilé ìfowópamọ́ àgbà, CBN, ní òun kò ní ta owó ilẹ̀ òkèèrè fún ẹni tí ó bá ń kó aṣọ wọ̀lú, ó ká àṣẹ náà kúrò ní 2023. Gbogbo oríṣi aṣọ ni àṣẹ yẹn bá wí. Kò ya aṣọ funfun tí aláró ń rà sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ títẹ̀ tí ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìrònú 1936 ni èyí jọ.

Ní ti àṣẹ wíwọ̀, Bùrkínà Fasò ti ṣe irú rẹ̀ rí. Thomas Sankara pàṣẹ ní àwọn ọdún 1980 pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso Dan Fani, aṣọ òfì ilẹ̀ wọn. Àwọn kan ń fi tiwọn pamọ́ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ń yára gbé e wọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀gá ń bọ̀, débi pé wọ́n sọ aṣọ náà ní “Sankara ti dé”. Àṣẹ lè wọ aṣọ síni lọ́rùn. Kò lè kọ́ni ní ìyàtọ̀ aṣọ ọwọ́ sí ayédèrú. Kí ni yóò ti òṣìṣẹ́ Ògùn tí a ní kó wọ àdìrẹ lọ sí ìdí ìkòkò, nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ wà nítòsí ní ẹ̀dínwó?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Òfin iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ti Jàpáànù ti 1974 là á kalẹ̀ pé ọwọ́ ni kó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń lẹ àmì mọ́ èyí tí ó bá yege. Ní Rọ́ṣíà, níbi tí ọmọlangidi onígi, Matryoshka, ti gbajúmọ̀, òfin 1999 ní kí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ yẹ ọjà wò kí wọ́n tó kà á mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ìjọba a wá mọ ilé ẹni tí yóò dé.

Àwa náà lè ṣe é. Òfin Àmì Òwò ti 1965 ní Nàìjíríà fàyè gba àmì ìjẹ́rìí, èyí tí ó ń fi hàn pé ọjà kan dé ojú òṣùwọ̀n. Bí àwọn aláró Ẹ̀gbá bá jókòó, tí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti jẹ́ àdìrẹ, tí ìjọba sì bá wọn sanwó ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò, oníbàárà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò mọ ohun tí òun ń rà. Aṣọ funfun àti aró ní owó pọ́ọ́kú, àti ibi tí omi aró yóò máa dà sí láìba odò jẹ́, yóò wúlò fún wọn ju ayẹyẹ lọ.

Kí àmì yẹn tó dé, ojú yín ni àmì. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ kí ẹ wo iṣẹ́ kan náà níbi méjì. Ọwọ́ ènìyàn kì í ya ìlà méjì kí wọ́n bára mu délẹ̀délẹ̀, àbẹ́là kì í sì í sán bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí ó pa á láró àti àdúgbò tí ó ti pa á. Bí owó aṣọ ẹbí kò bá ká ti ọwọ́, ẹ fi ìpèlé tàbí fìlà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá díẹ̀ tí ẹ rà lọ́wọ́ aláró ní ọ̀sẹ̀ yìí lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ọmọ rẹ̀ rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun kọ́ṣẹ́ náà.