Bí Omira Bá Wọ Inú Ẹ̀jẹ̀ Ìyá

Bí obìnrin bá bímọ ní Ọdẹ́dá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a fi ń kí ìdílé rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìkíni yìí, nítorí pé kò fi òtítọ́ pamọ́: ewu wà lóòótọ́. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kò ní orúkọ lẹ́nu wa. Àwọn dókítà ń pè é ní amniotic fluid embolism.

Omira ni omi tó yí ọmọ ká nínú ilé-ọmọ. Nígbà ìrọbí, tàbí kété tí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè gba ojú iṣan ilé-ọmọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ara àwọn obìnrin kan a wá kọ̀ ọ́ bí ẹni tó jẹ májèlé: èémí a há, ìfúnpá a já wálẹ̀, ọkàn lè dákẹ́. Ẹni tó bá la ìyẹn kọjá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kọ̀ láti dì, kí ó máa ya bí omi. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Meyer kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Brazil ní 1926; Steiner àti Lushbaugh là á yé ayé ní Amẹ́ríkà ní 1941. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀: nínú nǹkan bí ìbímọ 40,000, ẹyọ kan ni a sábà ń kà. Síbẹ̀, kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ ẹni tí yóò kàn. Ibi tó dùn mí jù nìyí, nítorí pé ikú òjijì kì í ṣàìwá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù, ìyá ọkọ ni ó sì sábà ń jẹ́. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ọwọ́ tó ń tẹ àyà, àti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá bíi Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, ni a sì ti ń wá irú rẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ yìí ni kí a dúró lé lórí. Nàìjíríà wà nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe ìwádìí E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà òdiwọ̀n sábẹ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí agbẹ̀bí lè fojú rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dípò kí ó máa méfò, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le koko fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 dínkù. Ọ̀rá lásán o!

Ẹ̀yin ọkọ, kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, ẹ ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín, ẹ ti mọ àwọn tó lè fún un ní tiwọn, ẹ sì ti bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀ tí kò ní pa fóònù rẹ̀ lóru, tí yóò gbé yín láti Ọdẹ́dá dé Abẹ́òkúta.