Ọ̀pá Gáàsì Kì í Yà Síbi Tí Kò Ní Oníbàárà

Kò sí ọ̀pá gáàsì kankan lábẹ́ ilẹ̀ Ìkirun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí ní Inísà, kò sì sí ní Òkukù. Gáàsì tí wọ́n fi ń dáná níbẹ̀, ọkọ̀ tánkà ló ń gbé e wá síbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú sìlíńdà, irú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pá ń gbé. Síbẹ̀, gáàsì inú ọ̀pá ń kan àwọn ìlú wọ̀nyí lálaalẹ́. Òṣogbo tó múlé ti Ìkirun ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣàkóso iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà ló sì jẹ́ pé gáàsì ni wọ́n ń jó kó tó wá. Bí gáàsì bá lọ sílẹ̀ nínú ọ̀pá tó ń bọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbìn, àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀rọ l'Óṣogbo yóò rí i, Òkukù náà sì lè wọ òkùnkùn.

Ní báyìí, háídírójìn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri, pé òun ni gáàsì tí kì í rú èéfín, pé ọ̀pá ni yóò máa gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè dé agbègbè Odò-Ọ̀tìn tí Inísà àti Òkukù wà, kó kọ́kọ́ wo bí èyí tó wà nílẹ̀ ṣe dé ibi tó dé.

Epo rọ̀bì ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ Oloibiri ní 1956. Gáàsì tó ń bá epo jáde kò ní ẹni tí yóò rà á, ni wọ́n bá ń sun ún dànù tọ̀sán tòru. Òfin 1979 ní kí wọ́n jáwọ́, ṣùgbọ́n ìtanràn tí wọ́n wá fi tì í lẹ́yìn kéré débi pé ó rọ àwọn ilé iṣẹ́ epo lọ́rùn láti máa san án. Ìgbà tí oníbàárà gidi yọjú ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Ní 1985, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbìn lẹ́bàá Ìkòròdú, tó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì. Nígbà tó di 1989, ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹsì 36 ti ń gbé gáàsì láti Escravos, ó gba ilẹ̀ Edo, Oǹdó àti Ògùn dé Èkó. Àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ àti Ọlọ́runṣògo wá lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n jókòó ti ọ̀pá náà. Gúúsù ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ohun tó ń pè é wá sókè.

Rélùwéè kò ṣe báyìí sí wa. Ní 1907 ló dé Òṣogbo, kò sì pẹ́ tó fi gba Ìkirun àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ẹrù Òkè Ọya ni àwọn òyìnbó ń lé, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin lè dúró lọ́nà, kí ìyá alóbì gùn ún, kí oníkòkó di àpò rẹ̀ lé e. Gáàsì inú ọ̀pá kì í dúró. Kí wọ́n tó lè yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìlú kan, àfi kí wọ́n kọ́ ibùdó tí yóò dín agbára rẹ̀ kù, tí yóò sì wọn iye tó gba ibẹ̀ kọjá. Owó tí wọ́n ń ná sórí irú ibùdó bẹ́ẹ̀, ìdáná inú ilé nìkan kò lè pa á.

Ọ̀pá tó lọ sí Gánà ló jẹ́ ká rí ọ̀rọ̀ yìí kedere jù. Láti 1982 ni ECOWAS ti ń sọ ọ́. Báńkì Àgbáyé yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí yóò kàn fọwọ́ sí ìwé ní 1995, síbẹ̀ iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní 1998, ọ̀dá mú kí omi ìdídò Akosombo fà, iná di ọ̀wọ́n ní Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń ra iná níbẹ̀ náà sì jìyà rẹ̀. Àìsí omi yìí, lójú tèmi, ṣe ju gbogbo ìpàdé tó ti kọjá lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2003, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Chevron, NNPC, Shell àti àjọ Volta River Authority ti Gánà ló ni ìpín tó pọ̀ jù. Kìlómítà 678 ni ọ̀pá náà. Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá Escravos, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà ní Àgbádárìgì ló ń tì í lágbára wọ abẹ́ òkun, ó wá ń yà sí Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan já a létí òkun Lomé, gáàsì kò sì padà dé Gánà àfi ní 2013. Nígbà tó di 2019, Gánà tó ti ń rí gáàsì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti gáàsì láti Takoradi padà sí Tema nínú ọ̀pá kan náà.

Apá kan wà nínú ìtàn náà tí mo fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ wa gbọ́ dáadáa. Ní 2006, àwọn ìlú tí ọ̀pá náà gba ilẹ̀ wọn kọjá ní Nàìjíríà kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Ìfẹ́sowápọ̀dọ̀, wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò Báńkì Àgbáyé. Owó ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fún wọn kò tó, ni wọ́n wí. Ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2008, ó sì rí i pé owó gbà-máà-bínú náà kéré sí ohun tó lè dá ìgbé ayé wọn padà. Ẹni tó gbin ọ̀pẹ, kì í ṣe ẹ̀yìn ọdún kan ló pàdánù.

Ká wá padà sí háídírójìn. Kò sí gáàsì tó fúyẹ́ tó o láyé, ìdí sì nìyí tó fi ṣòro fún ọ̀pá láti gbé. Ó ń wọ inú irin lọ, ó sì lè sọ irin líle di ohun tó ń sán, pàápàá ní ojú ibi tí àwọn jórin-jórin ti so ọ̀pá pọ̀. Agbára tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti gáàsì ilẹ̀ tí a bá fi ìwọ̀n àyè kan náà wọn wọ́n, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń tì í gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ti ń dán an wò. Ní ọgbà yunifásítì Keele ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n po háídírójìn mọ́ gáàsì tí àwọn ènìyàn ń lò títí dé ìdá 20 nínú 100. Jámánì ní tirẹ̀ fọwọ́ sí ètò ọ̀pá háídírójìn tó gùn ní kìlómítà 9,040 ní oṣù Kẹwàá 2024, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọ̀pá gáàsì àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe. Ta ni yóò rà á? Àwọn ilé iṣẹ́ irin, kẹ́míkà àti mànàmáná. Wọ́n ti ka oníbàárà kí wọ́n tó ya àwòrán.

Ọwọ́ ilẹ̀ Áfíríkà wa náà kò ṣófo. Ní 2021, Jámánì ṣí ọ́fíìsì háídírójìn sí Àbújá. WASCAL, àjọ ìwádìí ojú ọjọ́, sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní oyè kejì lórí rẹ̀. Ní Málì, abúlé Bourakébougou ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń wá. Omi ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀ ní 1987 tí wọn ò rí, afẹ́fẹ́ ló ń jáde, sìgá òṣìṣẹ́ kan sì mú un gbiná. Wọ́n dí kànga náà pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, háídírójìn ni, ó tó ìdá 98 nínú 100, wọ́n sì fi tan iná fún abúlé náà. Wọn ò nílò ọ̀pá tó gùn, torí ibi tó ti jáde ni wọ́n ti lò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kkí àti Indorama ní Eleme ń yọ háídírójìn látinú gáàsì ilẹ̀ lójoojúmọ́, inú ọgbà wọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di amóníà, lẹ́yìn náà yùríà. Èéfín kábọ́ọ̀nù ń bá a jáde, a ò lè pè é ní èyí tó mọ́. Èyí tí wọ́n bá tà fún àgbẹ̀ ní Inísà, inú àpò ajílẹ̀ ló wà.

Ní agbègbè tiwa, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ì bá fa ọ̀pá wá sí ìtòsí ni ilé iṣẹ́ ìyírin tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Òṣogbo, tó ti sùn tipẹ́. Irin ń jẹ iná, irin ń jẹ gáàsì, ilé iṣẹ́ irin sì wà lára àwọn tí wọ́n ń retí pé yóò ra háídírójìn jù. Ẹni tó bá ń ya ipa ọ̀nà ọ̀pá, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń jó lọ́jọ́ kan, kó tó dé ààfin Akínrun ti Ìkirun tàbí ti Olókukù.