Àlàfo Inú Ilẹ̀ Kọ́ńkéré: Iṣẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Àbùkù



Ní ọdún kan, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, a bá ìjà níbẹ̀. Bíríkìlà ti da kọ́ńkéré sí ilẹ̀ ilé ìkẹ́rù wọn àti sí pèpéle ìsákòkó. Ó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì fi ìlà pín pèpéle náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ àbọ̀ ni, pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n dá ìyókù owó rẹ̀ dúró, àwa náà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n pe ẹlòmíràn, ó fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo rẹ̀ pa. Kí ọdún tó yípo, etí pèpéle ti fọ́, ilẹ̀ ilé ìkẹ́rù ti ti ògiri títí ó fi sán. Àwa ni a jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ san gbèsè bíríkìlà àkọ́kọ́, wọ́n sì tún san owó àtúnṣe.

Kí ni iṣẹ́ àlàfo yìí? Kọ́ńkéré kì í dúró sójú kan. Bí omi inú rẹ̀ bá ń gbẹ, a máa sún kì. Bí oòrùn bá pa á, a máa gùn sí i. Bí ilẹ̀ bá tutù, a tún padà. Bí ooru pèpéle tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60 (mítà 18) bá fi dígírì 25 lọ sókè, ó lè fi bíi mìlímítà 4 gùn sí i. Bí kò bá ríbi gbà, yóò ti ògiri tàbí kí ó fọ́ ara rẹ̀. Àlàfo ni oríkèé rẹ̀. Ara tí kò ní oríkèé kò lè tẹ̀.

Oríṣi méjì ni. Èkíní ni àlàfo ẹ̀bá ògiri àti ìdí òpó. Ìdajì íǹṣì ni fífẹ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èkejì ni ìlà tí a fà sójú kọ́ńkéré. Bí ilẹ̀ bá nípọn ní íǹṣì 4, kí ìlà náà jìn tó íǹṣì 1, kí a sì máa fà á ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 ní òró àti ní ìbú. Bí kọ́ńkéré bá fẹ́ sán, abẹ́ ìlà yìí ni yóò ti sán, ojú kò ní í rí i. Kí a sì máa fi omi rin ilẹ̀ tuntun fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí ó má baà tètè gbẹ.

Ìtọ́jú àlàfo kò nira. Ẹ ha ìdọ̀tí àti pákó tí ikán ti jẹ kúrò, ẹ gbá a mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì dí i láé. Níbi tí ọkọ̀ ń gbé sí, ẹ fi ọ̀dà títì tí a pò mọ́ yanrìn kíkúnná dí i, kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí kòkó wà, nítorí kòkó a máa fa òórùn mọ́ra, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì kọ̀ ọ́. Nínú ilé ìkẹ́rù kòkó, sílíkọ́ọ̀nù tí a fi ń dí etí fèrèsé gíláàsì dára, bí òórùn rẹ̀ bá ti lọ tán kí kòkó tó wọlé. Ní orí pèpéle, ẹ kàn máa gbá ojú ìlà mọ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹní kí ẹ tó sá kòkó.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ kọ iye àlàfo àti ibi tí yóò wà sínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí akápò bá fẹ́ sanwó, kí ó mú okùn ìwọ̀n dání, kí ó sì wá àlàfo. Bí kò bá rí i, nígbà náà ni kí ó tó dá owó dúró.