Àwòkọ́ṣe Kì í Ṣe Olè Jíjà

Ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀dà olóròóró ya ojú ènìyàn ní Kétu tàbí Ìkòsì ní Èkó lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ti kú tipẹ́, bó bá fara balẹ̀ da àwòrán ẹ̀sìn kan tí ọ̀gá náà yà kọ. Àwọn kan ní olè jíjà ni. Àmọ́ Rubens, ayàwòrán òyìnbó, ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn, nígbà tó da àwòrán Ádámù àti Éfà tí ọ̀gá ayàwòrán Titian yà kọ ní Madrid, ní 1628 sí 1629. Ó yí ìjókòó Ádámù padà, ó sì fi odídẹrẹ́ pupa kún un. Ẹni tó kàn ń jalè kì í ronú tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ojú òyìnbó kò lè kọ́ wa ní àwọ̀ dúdú. Òótọ́ ni pé àpòpọ̀ ọ̀dà yóò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ètò iṣẹ́ kò yàtọ̀: ọ̀dà fẹ́lẹ́ ló ń ṣáájú, èyí tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń kẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwòrán á sán. Bákan náà ni òjìji abẹ́ imú àti ìmọ́lẹ̀ orí ètè ìsàlẹ̀. Àpẹẹrẹ ni Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi àwòrán inú ìwé òyìnbó kọ́ ara rẹ̀. Ní 1906 ó ti fi ọ̀dà olómi ya Ìyáàfin Spencer Savage, kó tó lọ kàwé ní London ní 1920.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán, ẹ da àwòrán ọ̀gá kọ, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ya ojú àwọn ènìyàn yín.